Wọ́n fọ kíndìnrín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì mú un lọ sílé: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni ọdún 54 ni ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Láfún àti èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ló ń rántí oògùn rẹ̀. Orúnkún ló ń dà á láàmú jù. Nítorí orúnkún yìí, oògùn ìrora ti di oúnjẹ fún un: ibuprofen láàárọ̀, diclofenac lálẹ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn láàárín ọjà, ọdún gorí ọdún. Ó tún ń mu àgbo jẹ̀dí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè nàka sí ọ̀kan nínú wọn pé òun ló ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú tó láti bà á jẹ́ fúnra rẹ̀. Irú oògùn ìrora yìí sì ń fún àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín, tí kò fi ní rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó ṣiṣẹ́ lé lórí.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, kòtò tó dá síbẹ̀ kì í kún bọ̀rọ̀. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, orí ìjókòó ló ń sùn. Òsúkè ti ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń bì, ara ń yún un, èémí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 190/110, ìwọ̀n rẹ̀ kìló 68. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé: creatinine, ìdọ̀tí kan tó yẹ kí kíndìnrín máa yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, 1,140, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ti obìnrin bíi tirẹ̀ ju nǹkan bí 90 lọ (yàrá àyẹ̀wò tó ń fi mìlígíráàmù kà á yóò kọ 12.9), urea, ìdọ̀tí mìíràn bẹ́ẹ̀, 41, potásíọ̀mù 6.8, tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 3.5 sí 5, PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, 22. Ìtọ̀ tó tọ̀ láàárín wákàtí 24 kò tó ìdajì omi inú ọ̀rá kan.

Sikáànù ló gbé ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù wá. Kíndìnrín àgbàlagbà sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 12. Tirẹ̀ jẹ́ 7.6 lápá ọ̀tún, 7.9 lápá òsì. Kíndìnrín tó bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í súnkì bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní jí padà. Ká ní ẹnìkan ti jókòó ti ẹbí náà lórí iye méjì yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ yìí ì bá má gùn tó báyìí.

Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ ni wọ́n sọ fún wọn. Dókítà kọ dáyálísíìsì sínú ìwé, ẹni tó jáde wá bá ẹbí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní, "Ẹ má fòyà, wọ́n fẹ́ bá yín fọ kíndìnrín Màmá ni." Lórí káàdì tí wọ́n fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin pé kó fi lọ sanwó, níbi tí wọ́n tẹ "iye ìjókòó" sí, wọ́n kọ 3.

Kí ni wọ́n ń fọ̀ gan-an?

Ohun tí èèyàn bá fọ̀, ó ti mọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ "fífọ kíndìnrín", kíndìnrín tó dọ̀tí ló ń rí lọ́kàn, tí wọ́n á fomi ṣàn, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ dáyálísíìsì kì í fọwọ́ kan kíndìnrín rárá. Bí kíndìnrín ṣe wà kí aláìsàn tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ló ṣe wà nígbà tó dìde. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà jáde, tó ń sẹ́, tó ń dá padà.

Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ títú nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn ni wọ́n ti fa dáyálísíìsì yọ. Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Scotland, ló lò ó ní 1861 fún ohun tó rí nínú iṣẹ́ rẹ̀: awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kí nǹkan kéékèèké inú omi kọjá, tó sì ń dá ńláńlá dúró. Kò sí kíndìnrín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó di 1943, lójú ogun, kí Willem Kolff tó fi awọ cellophane tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì kan ẹ̀rọ tirẹ̀ pọ̀ ní ìlú Kampen ní Nẹ́dálándì. Obìnrin ẹni ọdún 67 kan ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà gbà là, ní 1945.

Àwọn kan ti ń sọ pé "fífọ ẹ̀jẹ̀". Ó sún mọ́ òótọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀. Àwọn alágbo náà ń polówó àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, nínú mọ́tò, lọ́jà, lórí rédíò. Bí ìgò àgbo kan bá lè fọ ẹ̀jẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ máa sanwó ẹ̀rọ fún? Lójú tiwa, "sísẹ́ ẹ̀jẹ̀" ló dáa jù. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé ohun tó yẹ kó kọjá ló ń kọjá, èérí dúró sínú asẹ́, àti pé ògì tí wọ́n bá tún lọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún sẹ́ ẹ ni.

Asẹ́ ti ẹ̀rọ yìí jẹ́ ọ̀pá ike kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Inú rẹ̀ kún fún òpó tín-ín-rín tó ṣófo bí ìfun, wọ́n fẹ́lẹ́ bí irun orí, wọ́n sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú wọn lọ. Omi tí wọ́n po iyọ̀ àti bicarbonate mọ́ ń gba ìta wọn bọ̀ láti òdìkejì. Urea, creatinine àti potásíọ̀mù tó ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á kọjá sínú omi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti èròjà amáradàgbà tóbi jù, wọn ò lè kọjá. Omi àpọ̀jù inú ara ńkọ́? Ẹ̀rọ ló ń fà á jáde, iye tí nọ́ọ̀sì bá sì tẹ̀ sójú rẹ̀ ló ń fà.

Mìlílítà 500 ni omi tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ yìí ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ lítà 120. Ẹni tó ń mu lítà méjì lóòjọ́ kì í mu ju 14 lọ lọ́sẹ̀; ẹni tó ń gun ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lítà 360 ló ń fara kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi bọ́háòlù tí gbogbo àdúgbò ń mu kò fi tó fún un. Klorínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kì í ṣe ẹni tó mu ún ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá gba inú asẹ́ yìí kọjá, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bẹ́. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú èédú kọjá, kó tún gba inú ẹ̀rọ RO, tó ń ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́ kọjá kó lè mọ́, kí wọ́n sì yẹ klorínì rẹ̀ wò láràárọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó jókòó. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi eléyìí falẹ̀, kí aláìsàn wá ibòmíràn.

Ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá náà wò fún HIV àti fún àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, torí ẹni tó bá ní B kì í bá àwọn yòókù lo ẹ̀rọ kan náà. Kò ní ìkankan. Wọ́n ki kátẹ́tà, rọ́bà olójú méjì, bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: ojú kan ń gba ẹ̀jẹ̀ jáde, èkejì ń dá a padà.

Wákàtí méjì péré ni ìjókòó àkọ́kọ́. Wọn ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré ju mìlílítà 150 sí 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọn ò sì yọ ju lítà kan àbọ̀ omi lọ. Àkọ́bí náà bínú, ó ní wákàtí mẹ́rin lòun sanwó fún. Àmọ́ ìkánjú ló ń pa ẹni tí urea rẹ̀ ti ga tó báyìí. Bí wọ́n bá tètè fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tinú ọpọlọ kì í lè bá a sáré. Ọpọlọ á wá máa fa omi mọ́ra, á wú, orí á máa fọ́, aláìsàn á bì, gìrì lè mú un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣe wákàtí mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ṣe mẹ́rin, lítà méjì méjì.

Orí ìjókòó kejì ni wọ́n ti fa pọ́ńtì ẹ̀jẹ̀ kan sí i lára, wọn ò fà á ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú fíríìjì ní potásíọ̀mù tirẹ̀, omi rẹ̀ náà sì ń kún ara; tó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ló ti wọlé, bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń yọ èyí tó léwu nínú rẹ̀. Iná lọ nígbà ìjókòó kẹta. Bátìrì inú ẹ̀rọ gbé páǹpù títí jẹnẹrétọ̀ fi dé. Ká ní kò tètè dé ni, ìmú kékeré kan wà lára páǹpù tí nọ́ọ̀sì á máa fọwọ́ yí, kó lè dá ẹ̀jẹ̀ padà sára, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró lójú kan nínú rọ́bà kì í pẹ́ dì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, òsúkè ti lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ti bọ́ sí kìló 62.5, urea 14, creatinine 520. Ó sùn lórí ìrọ̀rí kan ṣoṣo, nígbà tó jí, ó ní kí wọ́n ro àmàlà láfún wá fún òun, ó sì jẹ ẹ́ tán. Dókítà ní kó máa bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Àkọ́bí rẹ̀ fi káàdì hàn án: mẹ́ta ni wọ́n kọ, mẹ́ta sì ti pé. "Ẹ ti fọ̀ ọ́, ó sì ti mọ́."

Aládùúgbò kan tó wá kí wọn tún ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ọmọ tirẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀, kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì ti ń tọ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Obìnrin yìí kò parọ́. Kíndìnrín tó bá ṣàdédé dákú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ya, ibà líle, ìgbẹ́ gbuuru tàbí májèlé lè tají láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rọ ń bá a dí àlàfo títí á fi jí ni. Ọ̀nà méjì ni àìsàn náà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe ìtọ́jú rẹ̀, ohun tó sì da ẹbí yìí rú nìyẹn. Wọ́n ní kí wọ́n yọ rọ́bà ọrùn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n mú ìyá wọn lọ.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ 17 ló lò nílé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáa, ó tilẹ̀ dé ọjà. Nígbà tí ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n ní kó máa mu omi àgbọn àti ọsàn, pé á bá a fọ èyí tó ṣẹ́kù. Omi àgbọn, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbo tí wọ́n fi ewé sè: potásíọ̀mù kún inú gbogbo wọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé á tọ̀ ọ́ dànù. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ ni potásíọ̀mù náà ń dojú kọ.

Òru ni wọ́n gbé e padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ tó ń hó, tó pọ́n díẹ̀, ń ti ẹnu rẹ̀ jáde: omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Kìló 69.5. Potásíọ̀mù 7.4. Ìwé ECG, tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, fi hàn pé ìlù ọkàn ti ń dà rú, àwọn òkè tó yẹ kó rẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ti ga, wọ́n sì mú ṣóńṣó. Wọ́n fún un ní mìlílítà 10 calcium gluconate sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, láti dáàbò bo ọkàn. Ínsúlínì yúníìtì 10 pẹ̀lú mìlílítà 50 omi ṣúgà olóìdá-50, láti ti potásíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo èyí kàn ń ra àkókò ni, torí kò yọ potásíọ̀mù kankan kúrò lára. Ẹ̀rọ ló máa yọ ọ́. Kò sì lè dùbúlẹ̀ kí wọ́n tún ki rọ́bà sí i lọ́rùn, nítorí náà abẹ́ ìtan ni wọ́n gbà.

Ibí yìí ni àṣìṣe kan ti wáyé tó yẹ ká kọ sílẹ̀. Nítorí omi tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ní kí ẹ̀rọ fa lítà mẹ́rin láàárín wákàtí mẹ́rin. Kìló 60 ni wọ́n fojú bù pé yóò wọ̀n bí gbogbo omi àpọ̀jù bá kúrò. Ìwọ̀n tí kò yẹ kí wọ́n kọjá jẹ́ mìlílítà 13 fún kìló kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ lítà mẹ́ta àti díẹ̀. Lítà mẹ́rin gbé e dé nǹkan bí 17. Ní wákàtí kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í yán, òógùn bò ó, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì tó fi ké. Ìfúnpá tó wà ní 170/100 ti já sí 88/50. Inú iṣan ni ẹ̀rọ ti ń fa omi. Èyí tó wà nínú ẹran ara gbọ́dọ̀ rìn wá rọ́pò rẹ̀, tí ẹ̀rọ bá sì yára jù ú lọ, iṣan á gbẹ. Nọ́ọ̀sì dá fífà náà dúró, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó dá mìlílítà 200 omi iyọ̀ padà fún un. Ẹni tó bá ń yán ṣáá lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tètè wọn ìfúnpá rẹ̀. Oorun kọ́ ni. Ìjókòó méjì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi yọ ìyókù.

Lọ́jọ́ kẹta tó padà dé, nọ́ọ̀sì kan pe ìyá náà, àkọ́bí rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀ jọ. Kò mẹ́nu kan fífọ rárá. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá rẹ, níbo ni oró rẹ̀ ń lọ?"

"Inú omi ni."

"Tẹ́ ò bá da omi náà nù ńkọ́?"

"Kò ní jáde tán. Omi yẹn á kàn máa rùn sí i ni."

"Ara yín náà ń ṣe oró tirẹ̀ lójoojúmọ́, látinú oúnjẹ, látinú ẹran ara. Kíndìnrín ló ń bá yín da omi nù tẹ́lẹ̀. Méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ló ń dà á nù báyìí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì wá nìkan ló ń dà á."

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló wá ń bá mi dà á nù látọjọ́ tí mo ti lọ sílé?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

Ohun tí wọ́n fi ṣe ìtọ́jú látìgbà náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ni òṣùwọ̀n. Apá ẹbí ká ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn náà ni wọ́n sì kọ. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìjókòó kan yóò bọ́ láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ ro nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà àlọ, ọgọ́rùn-ún àbọ̀, mọ́ ọn, kó sì rò ó pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ kì í lágbára ìrìn àjò. Wọ́n rò ó, wọ́n dúró sílé.

Omi mímu: iye tó tọ̀ lánàá, ká fi mìlílítà 500 kún un. Tirẹ̀ jẹ́ 700, omi inú ọ̀rá kan àti díẹ̀. Ẹ̀kọ mímu, omi gàrí, omi ọbẹ̀ àti èyí tó fi ń gbé oògùn mì wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ló máa ń le jù fún àwọn èèyàn wa, torí kò sẹ́ni tó ka gàrí sí omi. Iyọ̀ àti magí ló ń fa òùngbẹ, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dín kù. Iṣu ń bọ̀ wá sójú àwo bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, tí wọ́n sì da omi náà nù. Láfún tí wọ́n ti rẹ fún ọjọ́ mélòó kan ti fi potásíọ̀mù rẹ̀ sínú omi tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an nígbà tó gbọ́ èyí. Ibuprofen àti diclofenac: rárá. Paracetamol ni fún orúnkún. Abẹ́rẹ́ erythropoietin wà fún ẹ̀jẹ̀, lábẹ́ awọ, torí kíndìnrín náà ló ń rán ọ̀rá inú egungun níṣẹ́ pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀.

Rọ́bà kò ṣe é lò lọ títí, kòkòrò ń tọ̀ ọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n so iṣan méjì pọ̀ ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn bọ̀ mọ́ èyí tó ń dá a padà, kí èkejì lè gbòòrò, kó sì nípọn tó láti gba abẹ́rẹ́ ńlá. Wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gún un. Láràárọ̀ ló ń fi ìka ọ̀tún kàn án: ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n bí ara ògiri ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ẹ̀rọ ọlọ bá ń ṣiṣẹ́ lódìkejì rẹ̀. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, ọjọ́ náà ni kó gba ilé ìwòsàn lọ, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn ìfúnpá lọ́wọ́ yẹn, wọn ò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi kọ́ garawa èlùbọ́.

Àkọsílẹ̀ oṣù kẹrin ìtọ́jú: kìló 61.8 kó tó jókòó, 60.1 lẹ́yìn rẹ̀. Urea 27 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, 9 nígbà tó parí, ìdínkù ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. 65 ni èyí tó kéré jù tí wọ́n ń fẹ́. Potásíọ̀mù 5.2. PCV 29. Lórí káàdì tuntun rẹ̀, wọ́n fa ìlà la "iye ìjókòó" kọjá, wọ́n sì fi bírò kọ "sísẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀" sábẹ́ rẹ̀. Àlàfo ọjọ́ ìparí ṣófo.